Ta ni kí ẹ gbé lẹ́tà owó orí lé lọ́wọ́? Ìfiwéra expert-comptable, agbẹjọ́rò àti àwọn tó kù, fún ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin

Kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, ẹ ka orí lẹ́tà náà. Wọ́n máa ń kọ orúkọ ìwé sókè ní èdè Faransé, ní lẹ́tà ńlá. Orúkọ yẹn ló ń sọ irú aṣojú tó yẹ yín, kì í ṣe iye owó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ mílíọ̀nù 10 fráńkì fún, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ìpele àlàyé, lè má nílò ju expert-comptable (àgbà oníṣirò owó tí òfin fún láṣẹ) kan tó mọṣẹ́ lọ. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò ju 400,000 fráńkì lọ, ṣùgbọ́n tí ilé iṣẹ́ owó orí (DGI) ti kọ̀wé sí báǹkì rẹ̀, lè nílò agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi oyè yan aṣojú. Wọ́n á ní "lọ́yà ni mo fẹ́, kí ẹ̀rù lè bà wọ́n," nígbà tó jẹ́ pé ìwé ọjà ni wọ́n ń béèrè. Tàbí kí comptable tó ń kọ ìwé oṣooṣù máa dá fèsì títí ọ̀rọ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà kóòtù, níbi tí kò ti lè sọ̀rọ̀.

| Orúkọ tó wà lórí ìwé | Ohun tó túmọ̀ sí | Ẹni tó yẹ |
|---|---|---|
| Demande d'éclaircissements | Nǹkan kan kò yé wọn nínú ohun tí ẹ kọ | Ẹ̀yin fúnra yín, tàbí comptable yín |
| Avis de vérification | Wọ́n ń bọ̀ wá yẹ ìwé yín wò | Expert-comptable |
| Notification de redressements | Iye tí wọ́n ní ó kù, àti ìdí rẹ̀ | Expert-comptable; kí agbẹjọ́rò kà á bí àríyànjiyàn òfin bá wà níbẹ̀ |
| Confirmation de redressements | Wọ́n ti ka èsì yín, wọn kò gba gbogbo rẹ̀ | Àwọn méjèèjì |
| Avis de mise en recouvrement | Ó ti di gbèsè | Agbẹjọ́rò bí ẹ bá fẹ́ jiyàn. Ẹ̀yin fúnra yín bí ẹ bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ |
| Avis à tiers détenteur | Báǹkì tàbí ẹni tó jẹ yín lówó ti gba àṣẹ láti kó owó yín fún ìjọba | Agbẹjọ́rò, lójú ẹsẹ̀ |
| Convocation (ìwé ìpè) láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí CRIET (kóòtù ọ̀daràn owó) | Wọ́n fura sí jìbìtì | Agbẹjọ́rò nìkan |

Ọjọ́ kíkà

Ọjọ́ tí lẹ́tà wọ ṣọ́ọ̀bù yín ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rí i. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gba lẹ́tà lọ́jọ́ Ajé, tó fi í sí abẹ́ tábìlì, tí ọ̀gá wá rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti lọ. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó ń jókòó ti ọjà fún yín pé ìwé tó bá ní òǹtẹ̀ ìjọba kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á sára àpò lẹ́tà, ẹ má sì sọ àpò náà nù, torí òun ni ẹ̀rí bí àríyànjiyàn bá dé lórí ọjọ́.

Iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fèsì wà nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò sí èsì, wọ́n lè ka ìdákẹ́ yín sí gbígbà, tàbí kí àwọn fúnra wọn bu iye lé yín lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní taxation d'office. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá fi ẹ̀rí hàn pé iye náà ti pọ̀ jù. Aṣojú tó dára jù ní Kùtọnù kò lè fi ìrọ̀rùn tún ìyẹn ṣe. Ìdí nìyí tí aṣojú lásán tó fèsì lásìkò fi sàn ju àgbà agbẹjọ́rò tó gba ìwé lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá.

Ohun tí ẹ lè dá ṣe

Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò ní ọjà Ouando, ní Kétu àti ní Sábẹ ló wà lábẹ́ TPS, owó orí àwọn tí ọjà tí wọ́n tà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 50 fráńkì lọ. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà tí ẹ tà ni, kò sì gbọdọ̀ dín ní 10,000 fráńkì. Títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni ẹ ní láti kéde ohun tí ẹ tà lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá ta mílíọ̀nù 6, owó yín jẹ́ 300,000. Ìṣirò yìí kò nílò amòfin. Bí ẹ bá gbàgbé láti kéde, tí wọ́n sì kọ̀wé, ẹ mú nọ́ńbà IFU yín (nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó orí, oní-nọ́ńbà 13), ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà sílẹ̀, àti rìsíìtì ọdún tó kọjá, kí ẹ lọ sí CIPE, ibi tí wọ́n ti ń bójú tó àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ẹ fi lẹ́tà ṣe é, ẹ̀dà méjì. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èkejì fún yín. Òun là ń pè ní décharge. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹ bá wọn sọ kò sí nínú fáìlì.

Owó ilé àti ilẹ̀, TFU, náà jẹ́ ohun tí ẹ lè dá ṣe. Ohun tó máa ń dì í mọ́ra ní Àjàṣẹ́ ni pé ìwé rẹ̀ ṣì ń jáde lórúkọ bàbá àgbà tó ti kú, nínú agbo ilé tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún ń gbé. Bí ẹbí bá ṣọ̀kan, ẹ mú ìwé ikú àti procès-verbal (ìwé àkọsílẹ̀) ìpàdé ẹbí lọ sí ọ́fíìsì owó orí, kí ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe lè yí orúkọ padà àti bí ẹ ṣe lè san ohun tó kù. Bí ẹbí kò bá ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ ogún ni, kì í ṣe ti owó orí mọ́. Ẹ lọ bá nótérì tàbí agbẹjọ́rò fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ máa san TFU ná, kí ìtanràn má baà gun orí ìjà.

Comptable tó ń kọ ìwé yín, àti centre de gestion agréé

Ẹni tó ń bá yín kọ ìwé lóṣooṣù mọ ọjà yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Fún lẹ́tà tó kàn ń béèrè àlàyé, òun ló yá, owó rẹ̀ sì kéré. Ibi tó ti ń kùnà ni ìgbà tí àṣìṣe bá jẹ́ tirẹ̀. Kò rọrùn kí ènìyàn kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ló gbàgbé láti kéde TVA (owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà) oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá fura pé ibẹ̀ ni wàhálà ti wá, ẹ fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà ìwé náà kó bá yín kà á.

Àwọn centre de gestion agréé ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ láti tọ́jú ìwé. Wọ́n wúlò kí wàhálà tó dé. Bí àyẹ̀wò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìwé tí wọ́n ti tọ́jú yóò gbà yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti jà fún yín.

Expert-comptable: níbi tí nọ́ńbà bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀

Nígbà tí avis de vérification bá dé, ó ń sọ fún yín pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní conseil (olùdámọ̀ràn) tí ẹ fúnra yín yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ lò ó. Ẹni tó yẹ nígbà yìí ni expert-comptable tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé OECCA-Bénin, ẹgbẹ́ tí òfin fún láṣẹ lórí iṣẹ́ náà. Ẹ bèèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń pe ara rẹ̀ ní expert tí kò sí nínú ìwé yẹn.

Àwọn tó ń yẹ ìwé wò kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ọjà yín. Báǹkì àti owó fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, wọ́n á fi wé ohun tí ẹ kéde, ìyókù di "ọjà tí ẹ fi pamọ́." Níbẹ̀ ni iṣẹ́ expert-comptable wà. Ó gbọ́dọ̀ mú gbogbo owó tó wọlé, kó pín in sí ohun tó jẹ́ ọjà àti ohun tí kì í ṣe ọjà, kó sì fi ẹ̀rí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Owó àjọ ló ń ba ọ̀pọ̀ ìyá ọjà jẹ́. Ká ní ẹnì kan ta ọjà mílíọ̀nù 6, ó sì jẹ́ olórí àjọ. Mílíọ̀nù 8 owó àjọ gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ka gbogbo rẹ̀ sí ọjà, ó di mílíọ̀nù 14, TPS rẹ̀ á kúrò ní 300,000, á di 700,000, kí ìtanràn tó wọlé. Ó tún lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ta mílíọ̀nù 38, tí mílíọ̀nù 15 àjọ gba ọwọ́ rẹ̀, yóò dà bí ẹni tó kọjá mílíọ̀nù 50. Wọ́n á ní kò yẹ kó wà lábẹ́ TPS, pé ó yẹ kó ti máa gba TVA ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò gbà á, síbẹ̀ wọ́n á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí tó ń gbà ènìyàn nínú èyí rọrùn, bó bá ti wà nílẹ̀ kí wàhálà tó dé: ìwé àjọ tí orúkọ, iye àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí tàbí ìka ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ tí owó wọ àkáǹtì tó bá ọjọ́ inú ìwé mu, àti ọjọ́ tó jáde lọ bá ẹni tó kó àjọ. Expert-comptable tó dára á tò wọ́n ní òpó mẹ́ta, á sì so ẹ̀dà ìwé mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò dára á kọ gbólóhùn kan, "owó àjọ ni," wọ́n á sì kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àkáǹtì àjọ sọ́tọ̀ láti òní lọ.

Ní Kétu àti lójú ọ̀nà Ìlárá, náírà ni ìṣòro kejì. Ẹni tó ń tajà fún àwọn tó ti Ìmẹ̀kọ wá máa ń kọ náírà sínú ìwé kan náà tó ń kọ fráńkì sí. Òṣìṣẹ́ owó orí tó bá ka nọ́ńbà yẹn bí fráńkì á rí owó tí kò sí rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi iye pàṣípààrọ̀ kan ṣoṣo yí náírà gbogbo ọdún padà á ṣìnà, pàápàá ní ọdún 2023 tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà. Ẹ kọ iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá ń yan expert-comptable, ẹ bi í léèrè bó ṣe máa ṣe ìṣirò ọjà tí wọ́n fi náírà san. Bó bá ní ìyẹn kò ṣe pàtàkì, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ohun kẹta ni facture normalisée. Rìsíìtì tí kò bá ti inú ẹ̀rọ tàbí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí DGI fọwọ́ sí jáde kò lè jẹ́ kí ẹ yọ TVA tí ẹ san nígbà tí ẹ ra ọjà kúrò. Kò sí aṣojú tó lè sọ rìsíìtì lásán di normalisée lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ohun tí expert-comptable lè ṣe ni kó sáré bá àwọn tó tajà fún yín kí àyẹ̀wò tó parí, kó gba èyí tó ṣì ṣeé gbà.

Òfin OHADA (òfin ìṣòwò tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan jọ ń lò) ní kí ẹ tọ́jú ìwé owó fún ọdún 10. Bí òjò tàbí ikán bá ba ìwé jẹ́ ní ilé ìkẹ́rù, ẹ lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn tí avis de vérification ti dé kì í fi bẹ́ẹ̀ ní iyì.

Agbẹjọ́rò: níbi tí nọ́ńbà kò ti jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá àríyànjiyàn yín jẹ́ ti nọ́ńbà tàbí ti òfin. Bí ẹ̀yin àti ìjọba bá gbà pé mílíọ̀nù 20 wọ ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n tí ẹ ń jiyàn lórí ohun tí mílíọ̀nù 20 yẹn jẹ́, agbẹjọ́rò ni kó kà á.

Ẹ wo àwọn tó ń kó kajú jọ ní Sábẹ. Nígbà ìkórè, ẹni tó fẹ́ ra kajú máa ń fún aṣojú rẹ̀ lábúlé ní mílíọ̀nù mélòó kan láti fi rà á. Kílò kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní owó iṣẹ́ díẹ̀. Gbogbo mílíọ̀nù yẹn gba ọwọ́ aṣojú, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ nìkan ni tirẹ̀. Ṣé aṣojú ni, tàbí ẹni tó rà tó sì tún tà? Ìbéèrè òfin nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀: ta ló ni kajú náà nígbà tó wà nínú àpò, ta ló pàdánù bó bá jẹrà, ta ló dá iye kílò. Bí kò bá sí àdéhùn, agbẹjọ́rò á wá ẹ̀rí mìíràn, bíi ìwé ìfowóránṣẹ́ tí wọ́n kọ ìdí owó sí, tàbí lẹ́tà ẹni tó fún un lówó. Kì í rọrùn. Ojú ìwé méjì tí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ọdún méjì àríyànjiyàn.

Ìgbà mìíràn tí agbẹjọ́rò yẹ ni tí wọn kò bá tẹ̀lé ìlànà: tí lẹ́tà kò sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí conseil, tí wọn kò kọ ìdí tí wọ́n fi fi owó kún un, tàbí tí wọ́n ń béèrè owó ọdún tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n tún padà sí mọ́. Expert-comptable máa ń fojú fo àwọn èyí torí ojú rẹ̀ wà lára nọ́ńbà. Agbẹjọ́rò máa ń kọ́kọ́ ka ọjọ́ àti ìfọwọ́sí.

Kí ọ̀rọ̀ tó lè dé kóòtù, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ réclamation (lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn) sí ilé iṣẹ́ owó orí. Bí ẹ bá fo ìpele yẹn, kóòtù kò ní gbọ́ ẹjọ́ náà. Expert-comptable lè kọ réclamation pẹ̀lú ìwé àṣẹ yín. Síbẹ̀, ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ ni ẹ ó gbé dé iwájú adájọ́. Èyí tí ẹ gbàgbé lè ṣòro láti fi kún un lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí agbẹjọ́rò kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí kan péré ni ẹ san owó rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá lọ títí dé òpin, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wà ní Àjàṣẹ́ níbí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni CRIET, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn owó, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀. Àjàṣẹ́ ló wà. Bí ìwé ìpè bá ti ọ̀dọ̀ wọn tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá, ẹ má fi expert-comptable ṣáájú. Ẹ má sì lọ "ṣàlàyé díẹ̀" kí agbẹjọ́rò tó dé, torí ohun tí ẹ bá sọ, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń ní kí ẹ fọwọ́ sí i.

Àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ní ti jíjókòó níwájú àwọn tó ń yẹ ìwé wò, àwọn méjèèjì lè ṣe é. Ní ti kóòtù, agbẹjọ́rò nìkan ló lè sọ̀rọ̀ lórúkọ yín. Àṣírí dè àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ààbò tó wà lórí lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti agbẹjọ́rò yín le ju ti expert-comptable lọ. Bí ohun kan bá wà nínú ìwé yín tí ẹ mọ̀ pé kò tọ́, agbẹjọ́rò ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Owó ni wọ́n ti yàtọ̀ jù. Expert-comptable sábà máa ń gba owó àpapọ̀ fún iṣẹ́ kan, tàbí owó oṣooṣù bí ẹ bá ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Agbẹjọ́rò máa ń béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà owó ìpele kọ̀ọ̀kan: èsì, réclamation, kóòtù. Ó lè fi díẹ̀ kún un bí ẹ bá jàre, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ wọn kò gbà kí gbogbo owó rẹ̀ dá lórí èrè nìkan. Ẹni tó bá ní "ẹ má san nǹkan kan, ìdajì ohun tí mo bá gbà fún yín ni tèmi" kò sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Ẹ bèèrè convention d'honoraires (ìwé àdéhùn owó iṣẹ́) tí ẹ̀yin àti òun jọ fọwọ́ sí. Bí ìjà bá wà lórí owó agbẹjọ́rò, ọ̀dọ̀ bâtonnier, olórí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, ni ẹ ń gbé e lọ.

Ọ̀nà jíjìn náà jẹ́ owó. Kùtọnù ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò wà. Láti Àjàṣẹ́, nǹkan bí 30 kìlómítà ni. Láti Sábẹ, ó ju 200 lọ. Àwọn tó wà ní Sábẹ àti Kétu gbọ́dọ̀ bèèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun: ṣé owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ wà nínú iye náà, ìgbà mélòó ni ẹ máa wá? Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣeé ṣe láti ọ̀nà jíjìn bí ẹ bá ya fọ́tò ìwé dáadáa. Nítorí náà, expert-comptable tó wà nítòsí tó ń bá agbẹjọ́rò Kùtọnù ṣiṣẹ́ sábà máa ń dín owó kù ju kí ẹ mú agbẹjọ́rò wá síbi gbogbo ìpàdé.

Èdè ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Lẹ́tà wà ní Faransé, èsì náà ní Faransé. Bí aṣojú kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání, kó túmọ̀ èsì fún yín látòkè délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èsì tí ẹ fọwọ́ sí láìyé yín ti gba ohun kan lórúkọ yín.

"Mo mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì"

Ẹni yìí wà ní ìlú gbogbo. Kò fún yín ní rìsíìtì, kò kọ lẹ́tà, ó ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọjọ́ èsì ń kọjá nígbà tí ẹ ń dúró dè é. Owó tí ẹ fún un kò wọ àpò ìjọba, nítorí náà gbèsè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìtanràn sì ń gorí rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ṣèwádìí òṣìṣẹ́ náà, orúkọ yín á wà nínú fóònù rẹ̀. A kò fi ẹni yìí sínú àtẹ òkè, a kò sì ní fi í sí i.

Bó bá ti di gbèsè

Nígbà tí avis de mise en recouvrement bá ti dé, ìbéèrè kan ló kù: ṣé ẹ gbà pé ẹ jẹ ẹ́?

Bí ẹ bá gbà, ẹ kò nílò agbẹjọ́rò. Ẹ kọ̀wé sí receveur, ẹni tó ń gba owó, kí ẹ bèèrè échéancier (ètò sísan díẹ̀díẹ̀). Ẹ má kàn sọ pé ẹ kò lówó. Ẹ kọ iye tí ẹ lè san lóṣù, ẹ so ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà mọ́ ọn, ẹ sì san apá àkọ́kọ́ kí ẹ tó mú lẹ́tà lọ. Receveur tó rí rìsíìtì apá àkọ́kọ́ máa ń gbọ́ ju èyí tó rí ìlérí lọ. Ẹ dá iye tí ẹ mọ̀ pé ẹ lè dúró tì, torí bí ẹ bá fo oṣù kan, gbogbo rẹ̀ lè padà di sísan lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó orí fúnra rẹ̀, ẹ lè kọ lẹ́tà remise gracieuse láti tọrọ kí wọ́n dín ìtanràn kù. Àánú ni èyí, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹ má jiyàn òfin nínú rẹ̀, ẹ sọ ohun tó fà á pẹ̀lú ẹ̀rí: ìwé ilé ìwòsàn, ìwé ẹ̀rí iná, ìwé ikú.

Bí ẹ kò bá gbà, réclamation nìkan kò dá gbígba owó dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ṣìnà. Wọ́n á kọ réclamation tó lágbára, wọ́n á sùn, báǹkì á sì ti àkáǹtì. Ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè sursis de paiement (kí wọ́n dá sísan dúró ná) pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì lè béèrè ohun ìdógò. Agbẹjọ́rò ló yẹ kó kọ èyí. Bí wọ́n bá ti kọ̀wé sí báǹkì, ẹ mú lẹ́tà báǹkì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀rí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó yẹ kó jáde láti inú àkáǹtì yẹn. Ìjọba tún lè ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì lè má fún yín ní attestation fiscale (ìwé ẹ̀rí owó orí), èyí tí ẹ ń fi wọ iṣẹ́ ìjọba. Fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ àkànṣe ní mérì Kétu tàbí Sábẹ, àìrí attestation lè burú ju gbèsè fúnra rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ìyẹn wà nínú ohun tí aṣojú ń rò nígbà tó ń yàn láàárín ìjà àti sísan.

Kí ẹ tó gbé ìwé lé aṣojú lọ́wọ́

Ẹ bi í ní ìwọ̀nba ìbéèrè. Ta gan-an ló máa kọ èsì, ṣé òun ni, tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀? Ọjọ́ wo ni èsì gbọ́dọ̀ wọlé? (Bí ọjọ́ tó sọ kò bá bá ti inú lẹ́tà mu, kò tíì kà á.) Àpilẹ̀kọ òfin wo ló máa gbára lé? Code Général des Impôts (ìwé òfin owó orí) tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2022, lábẹ́ òfin nọ́ńbà 2021-15, nọ́ńbà àwọn àpilẹ̀kọ sì yí padà. Òfin ìṣúná ọdọọdún tún máa ń ṣàtúnṣe sí i. Ẹni tó ṣì ń tọ́ka sí nọ́ńbà àtijọ́ fún ọdún tó tẹ̀lé 2022 ń lo ìwé tó ti gbó.

Ẹ̀dà ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ojúlówó, àfi níbi tí wọ́n bá ti ní dandan kí wọ́n rí i. Ẹ ṣe àkójọ ohun tí ẹ kó fún un, kó fọwọ́ sí i. Ìwé àṣẹ tí ẹ fún un gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tó wà fún: ọdún wo, irú owó orí wo, ìpele wo. Ìwé àṣẹ tó kàn ní "kó ṣojú fún mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀" ń jẹ́ kó lè fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ kọ ọ́ kedere pé kò lè gba iye kankan lórúkọ yín láìjẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ yí aṣojú padà láàárín ọ̀nà, ẹ kọ lẹ́tà gba ìwé àṣẹ padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gba décharge. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa kọ̀wé sí. Títí ẹ̀dà yẹn yóò fi wọ fáìlì, ọ̀dọ̀ aṣojú àtijọ́ ni lẹ́tà lè máa lọ, ọjọ́ yóò sì máa sáré lórí yín.